Ẹ má fa omi pìsín yín gbẹ tán o

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, a ní pìsín kan, ìyẹn adágún tá a fi ń lúwẹ̀ẹ́, lẹ́yìn ilé, mítà 8 sí 4, jíjìn ẹ̀ jẹ́ mítà 1.5. Omi ẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, mo da kílóòrù sí i títí, kò gbọ́. Ẹni tó bá wa wọn omi náà ní oògùn tó ń gba kílóòrù lọ́wọ́ oòrùn ló pọ̀ jù, ó ti di mílígíráàmù 120 nínú lítà kan, pé ká dà lára omi ẹ̀ nù. Ọmọ mi ní ká kúkú fà á gbẹ pátá ní Sátidé, ká fọ̀ ọ́. Ṣé kò léwu? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà. Ẹni tó wọn omi ò parọ́, tí oògùn yẹn bá ti pọ̀ ju 50 lọ ṣe ló ń di kílóòrù lọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fọ́mọ yín kó má fà á gbẹ o! Etí ọ̀sà la wà ní Àjàṣẹ́, omi ò jìnnà nílẹ̀, àgàgà lásìkò òjò, omi tó wà nínú pìsín ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó o kúrò tán, tabẹ́ ilẹ̀ á máa tì í sókè bí akèrègbè òfìfo téèyàn fẹ́ tẹ̀ rì sódò. Mo rí ọ̀kan rí tó gbéra, etí ẹ̀ fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ yọ lójú ilẹ̀, táìsì fọ́ yí i ká, ó dùn mí gan-an ni.

Ẹ lọ sídìí kànga yín, ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sí i, kẹ́ ẹ wọn ibi tó gbẹ lára okùn náà láti ojú ilẹ̀ dé omi. Ojú omi pìsín ò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ ju ojú omi kànga yẹn lọ láé. Tó bá jẹ́ mítà kan, ẹ lè fa ìdajì mítà, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta, lítà 16,000 nínú 48,000. Ẹ pọn tuntun sí i, kí mọ́tò fílítà pò ó pọ̀ fún ọjọ́ kan, 120 á di 80. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, á wá sí bíi 53, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ pa mọ́tò fílítà kómi tó lọ sísàlẹ̀ ẹnu ibi tó ti ń fa omi o, torí ó máa jó, pọ́ǹpù ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ fi fà á. Ẹ má sì da kílóòrù sí i fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú kẹ́ ẹ tó fà á, káwọn ewébẹ̀ aládùúgbò má bàa kú tómi náà bá ṣàn débẹ̀. Tómi kànga yín bá máa ń sọ aṣọ funfun di pupa, omi ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ fi pọn ọ́n, irin inú ẹ̀ á sọ pìsín dà bí tíì.

Kílóòrù roboto tí wọ́n ń pè ní galé ló fa gbogbo ẹ̀, oògùn yẹn wà nínú ẹ̀. Ẹ máa lo olómi, irú Jáfẹ́ẹ̀lì tá a fi ń fọ aṣọ, tí kò lóòórùn àdàlù. Ṣùgbọ́n ẹ má da òun àti galé pọ̀ sínú bókéètì kan náà láé, ó lè bú gbàmù.