Ọmọ mi ń gbọ́ orin igbe, a sì ń lọ Kétu

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ Kétu ní Benin ni mí, Lyon ní Faransé ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 16, kò gbọ́ orin mìíràn mọ́ bí kò ṣe hardcore àti metal, àwọn orin gìtá aláriwo líle. Igbe ni wọ́n ń ké látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní kí n ra àwo méjì fún òun: Never Enough ti ẹgbẹ́ olórin Turnstile àti You Won't Go Before You're Supposed To ti ẹgbẹ́ Knocked Loose. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi yíǹkì dúdú kọ X sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ẹgbẹ́ òkùnkùn ń bà mí. Oṣù kẹjọ la fẹ́ lọ kí ìyá mi ní Kétu. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lèmi, Nantes ni mo wà. Clisson tí wọ́n ti ń ṣe Hellfest, àjọ̀dún ńlá orin metal, láti 2006 kò jìnnà sí wa, ọmọbìnrin mi sì wà lára àwọn aláṣọ dúdú tó ń rọ́ lọ síbẹ̀ lóṣù kẹfà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti X kúrò nílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé orin tó ń ta ọtí máa ń kọ X sọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì dàgbà tó láti mutí. Ní 1981, ẹgbẹ́ Minor Threat ti Washington kọrin pé àwọn kò ní mutí, àwọn kò ní fa sìgá, àwọn kò ní lo oògùn olóró. Àwọn ọ̀dọ́ tó fara mọ́ ọn sọ X di àmì ara wọn, wọ́n ń pè é ní straight edge. Bí tiyín bá mọ ohun tó ń kọ, ẹ bá mi kí i. Àmọ́ ẹ bi í o, nítorí àwọn mìíràn kàn rí i nínú fọ́tò ni.

Ní ti igbe, ọgbọ́n ọ̀fun ni, wọ́n ń kọ́ ọ. Ìyá yín tó ti ń gbọ́ ohùn egúngún láti kékeré kò ní torí ìyẹn sá. Orúkọ àwo Knocked Loose gan-an, obìnrin kan ló sọ ọ́ fún olórin wọn nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbọ̀n, nígbà tí ẹ̀rù ń ba olórin náà: o ò ní lọ kí àsìkò rẹ tó tó. Ta ni kò ní ṣe àmín sí i ní Kétu?

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní orin òyìnbó ni, ẹ dárúkọ Bad Brains fún un, àwọn aláwọ̀ dúdú Washington tí wọ́n wà lára àwọn tó dá hardcore sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Soul Glo ti Philadelphia gbé àwo Diaspora Problems jáde ní 2022. Ó dára, ṣùgbọ́n èébú inú rẹ̀ pọ̀, ẹ má jẹ́ kó máa dún níwájú àwọn àbúrò ọmọ yín. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor, àwọn ọmọ Lomé ní Togo. Ìlù ìbílẹ̀ àti èdè Ewe ni wọ́n pò mọ́ gìtá metal nínú àwo Dzikkuh, tó jáde ní 2024. Lomé tó wà nítòsí wa níbẹ̀ yẹn o!

Etí ọmọ ló ń kó ìdààmú bá mi. Òfin Faransé kò gbà kí ariwo ilé orin kọjá dẹ̀síbẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 102 láàárín ìṣẹ́jú 15, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún èèyàn ní ohun tí wọ́n ń ki bọ etí lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló ń ṣọ́ íápíìsì nínú yàrá? Àjọ ìlera àgbáyé ní dẹ̀síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ti tó fún àgbà, 75 ni ti ọmọdé. Ẹ ṣètò rẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀.

Turnstile ni kí ẹ rà, orin dídùn wà nínú igbe tiwọn. Ìkejì, kó fowó ara rẹ̀ rà á.