Ẹ má ra sípíkà míì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé ìtẹ̀wé ní Wuse, l'Ábùjá. Kọ̀ǹpútà wa ń dún tí iṣẹ́ bá wọlé, ó ń dún tí bébà bá fẹ́ẹ́ tán, ó tún ń dún tí owó bá wọlé. Síbẹ̀ àwọn ọmọọṣẹ́ ní àwọn ò gbọ́. Sípíkà wo ló máa dún dáadáa?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tí ẹ máa rà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní irú èyí, àwọn tó ń ta sípíkà ló sì ń jèrè rẹ̀. Àwọn ọmọọṣẹ́ yín ń gbọ́. Etí wọn ló ti mọ́ ọn lára. Ohun tó bá ń dún bákan náà látàárọ̀ dalẹ́, ọpọlọ á pa á tì, bó ti wù kó ròkè tó. Ìyípadà ni etí ń ṣọ́.

Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ yín. Ta ló ń tẹ́tí sí i? Kò sí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí epo fẹ́ẹ́ tán, kó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè lọ sódò: kíá ni ẹnì kan á ti máa tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi mọ́ ọmọ ìka aláìsàn nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí ọkàn ṣe ń lù ló ń dún. Tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá ń dín, ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀. Dókítà á ti mọ̀ kó tó yíjú wo ẹ̀rọ. Ní 1991 pàápàá, olùwádìí kan, William Gaver, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kan, wọ́n fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìró tirẹ̀. Tí ìgò bá ń ṣòfò, wọn á gbọ́ bó ṣe ń fọ́.

Nítorí náà, ẹ mú ẹyọ nǹkan kan: iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Kí ọmọ tó ń bá yín ṣe kọ̀ǹpútà fi ìró òjò sí i. Iṣẹ́ kan, kó máa kán tó, tó. Tó bá di mẹ́wàá, kó máa rọ̀. Kó má borí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ti owó, ẹ jẹ́ kó wà lórí fóònù yín, kò kan ẹlòmíì.

Mi ò tíì dé ṣọ́ọ̀bù yín o, ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ má fọwọ́ kan aago tó ń kìlọ̀ pé iná ń jó, tàbí ìró UPS tó ń gba kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ, ìyẹn kì í ṣe ìró tí èèyàn á kàn máa gbọ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ ò dá ṣáká, ẹ fi gílóòbù kékeré sí iwájú rẹ̀. Tí ọmọọṣẹ́ kan bá sì ní orí ń fọ́ òun, ẹ pa ìró náà, ẹ má bá a jiyàn.