Omi mélòó ni ó tó àgbàlagbà ní Òṣogbo lójúmọ́, ṣé a lè ka tíì àti sobo mọ́ ọn?

Iye tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní ọdún 2004 ni lítà 3.7 fún ọkùnrin àti lítà 2.7 fún obìnrin, ṣùgbọ́n omi inú oúnjẹ, tí ó tó ìdá kan nínú márùn-ún, ti wà nínú ìṣirò náà. Èyí tí ó kù fún mímu súnmọ́ píọ̀ wọ́tà oní-50cl mẹ́fà fún ọkùnrin, mẹ́rin sí márùn-ún fún obìnrin. Alábàárù tí ó ń ru ẹrù ní Ọjà Ọba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lè ka tíì àti kọfí mọ́ ọn, nítorí pé, bí a kò bá mu wọ́n ní àmujù, omi tí wọ́n ń fún ara pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń mú kí a tọ̀ dànù lọ. Sobo àti ẹ̀kọ mímu náà wà lára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣúgà tí àwọn kan ń dà sínú sobo ti pọ̀ jù lójú tèmi. Wàrà tilẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ara ju omi lásán lọ, torí pé ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó tètè kúrò nínú ikùn, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń dá omi dúró. Ẹ má ka ọtí líle mọ́ ọn rárá. Bí ìtọ̀ bá ti pọ́n ju bí ó ṣe yẹ lọ, omi kò tíì tó.