Tripod tó dúró gbọn-in fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀

Ìbéèrè yín yé mi dáadáa. Kámẹ́rà yín jẹ́ irú èyí tó ní dígí tó ń gbéra nínú, lẹ́ǹsì 70-300 mílímítà, èyí tó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́, lẹ ń lò, òru àti òkèèrè lẹ fẹ́ máa yà, owó tó wà lọ́wọ́ kò sì pọ̀. Ẹ ti rí tripod (ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé) tuntun kan tó fúyẹ́, tó ga ju orí yín lọ, tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ó lè gbé kílò mẹ́jọ, ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ẹ wá èyí tó wúwo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sanra, tí kò ga tó bẹ́ẹ̀, kódà bó jẹ́ àlòkù. Fọ́tò ni mo fi ń jẹun, ohun tí owó mi ká ni mo sì ń rà láti ọjọ́ pípẹ́, torí náà ohun tí ọwọ́ mi ti dì mú ni màá sọ.

Ká kọ́kọ́ mú ti kílò yẹn kúrò lọ́nà. Kò sí òdiwọ̀n kan tí gbogbo àwọn tó ń ṣe tripod jọ ń lò láti fi wọn ẹrù tó lè gbé. Oníkálukú ló ń wọn tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ohun tí nọ́ńbà náà máa ń sọ ni pé tripod kò ní wó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní yọ̀ wọlé, bí ẹ bá gbé ẹrù yẹn lé e. Kò sọ pé kò ní gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ gbígbọ̀n yẹn ló ń ba fọ́tò jẹ́, èyí tí ojú lásán kò rí. Mo ti lo èyí tí mo lè fi gbogbo ara tẹ̀ tí kò ní yẹ̀, àmọ́ tí mo bá ti fi ìka kan lẹ́ǹsì pẹ́rẹ́, ohun tó wà lójú kámẹ́rà á máa jó títí màá fi mí sínú, mí síta.

Ibi tí líle tripod ti ń wá ni bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe sanra tó. Bí ọ̀pá oníhò méjì bá wà tí ara wọn nípọn bákan náà, tí ọ̀kan wá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èkejì, líle èyí tó fẹ̀ á tó ìlọ́po mẹ́jọ ti èkejì. Ìyẹn ni mílímítà díẹ̀ fi ń ṣe gudugudu méje: líle ọ̀pá 28 mílímítà tó bí ìlọ́po méjì ti ọ̀pá 22. Nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ, ti ọ̀pá òkè ni, òun ló sì sanra jù. Èyí tó wà nísàlẹ̀, tó ń kan ilẹ̀, ni kí ẹ wò. Bí ìpín ẹsẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀pá tó ń wọnú ara wọn, bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ti ìsàlẹ̀ á ṣe tín-ín-rín tó, oríkèé tó lè mì á sì pọ̀ sí i. Oníìpín mẹ́ta ni mo máa ń wá. Ti mẹ́rin ṣì ṣe é gbà bí ti ìsàlẹ̀ kò bá kéré ju 20 mílímítà lọ. Ti márùn-ún tó ń ká wọnú báàgì kékeré, kó tó le, owó gọbọi ni.

Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi carbon fibre (okùn káábọ̀nù) ṣe fúyẹ́, ó sì máa ń tètè pa gbígbọ̀n ju alumíníọ́mù lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó kan náà, alumíníọ́mù tó sanra ni mo máa mú, màá fi carbon tín-ín-rín sílẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré á fi èjìká san ìyókù.

Ọ̀pá àárín, èyí tó ń yọ sókè láàárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ńkọ́? Gíga tí wọ́n kọ sára páálí, ọ̀pá yìí ni wọ́n nà sókè pátápátá kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ti nà á, orí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kámẹ́rà yín dúró lé, atẹ́gùn tí kò tó nǹkan á sì máa mì í. Gíga tó kù nígbà tí ọ̀pá náà bá wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ojú yín, kí ẹ yọ gíga orí tripod (ibi tí wọ́n ń de kámẹ́rà mọ́) àti ti kámẹ́rà kúrò. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà ní 155 sẹ̀ǹtímítà, tí orí àti kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ 20, ẹsẹ̀ tó ga ní 135 ti tó o. Bí kò bá tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ba díẹ̀. Mò ń tẹ̀ba, fọ́tò mi sì ń mú kedere.

Ibi tí mo máa ń yẹ̀ wò ṣáájú ibòmíràn ni èjìká, níbi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé lókè. Èyí tí mo lò nígbà kan, ike ni èjìká rẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo ti to gbogbo nǹkan tán, mò ń retí kí iná tàn ní òdìkejì odò, ni mo bá gbọ́ tí nǹkan ń dún kẹ̀kẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ti ń rọra ṣí síta. Okùn kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi, òun ló yọ ọ́. Nígbà tí mo tan iná sí i, ike náà ti là láti ojú ihò bóòtù títí dé etí. Apá kan ojú lílà náà ti dọ̀tí, apá kejì ṣì funfun, mo fi mọ̀ pé ó ti ń là bọ̀ tipẹ́, tí mo sì ń gbé e káàkiri. Irin tàbí alumíníọ́mù ni kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú bóòtù tí ẹ lè fi sípánà fún bó bá dẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn pa tí kò ṣe é tú, ọjọ́ tó bá dẹ̀ ló parí. Ẹ tún yẹra fún èyí tó ní ọ̀pá wẹ́wẹ́ tó so ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀pá àárín, torí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ò ní lè yà bó ṣe yẹ lórí àtẹ̀gùn tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Bí ẹ bá débi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ má tijú, ẹ dán an wò. Ẹ na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ẹ fi ọ̀pá àárín sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí rẹ̀, kí ẹ wá lọ́ ọ díẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣí ìdérí ìgò. Ẹ wo ibi tó ti ń yí: ṣé ẹsẹ̀ ni, àbí èjìká, àbí orí? Ti orí ṣe é pààrọ̀, ti ẹsẹ̀ kò ní àtúnṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ de kámẹ́rà mọ́ ọn, ẹ na lẹ́ǹsì dé 300, ẹ wá ohun kan lókèèrè tó ní lẹ́tà lára, kí ẹ mú un tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ẹ fi ìka kan ẹnu lẹ́ǹsì fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó dára á jó, á sì dákẹ́ kí ẹ tó ka ení, èjì. Èyí tí kò dára, ẹ ó ka dé ẹẹ́fà tí lẹ́tà yẹn ò ní tíì ṣe é kà. Àdánwò yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé ju gbogbo ohun tó wà lára páálí lọ. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ ṣe é, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Nínú àlòkù ni owó kékeré ti ń ríṣẹ́ ṣe jù. Tripod kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Alumíníọ́mù tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ní ogún ọdún sẹ́yìn ṣì le bó ṣe le. Tripod ilé iṣẹ́ Manfrotto tí wọ́n ń pè ní 055 àti 190, ti àtijọ́, mo mọ̀ wọ́n dáadáa. 055 ló sanra jù nínú méjèèjì, òun ni mo máa kọ́kọ́ wá fún lẹ́ǹsì 300. Ẹ fa ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ tì í padà. Bó bá ń ha, iyanrìn ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ṣe é fọ̀. Bó bá há síbì kan, ó ti wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ahọ́n tí wọ́n fi ń ti ẹsẹ̀ pa bóyá ó ti sán, ẹ ti gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì fi ara tẹ̀ ẹ́ láti òkè: kò gbọdọ̀ yọ̀. Rọ́bà ìsàlẹ̀ tó ti jẹ kì í ṣe ìṣòro.

Pléètì, ìyẹn pátákó kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí kámẹ́rà, ẹ rí i dájú pé ó wà níbẹ̀, torí orí tí pléètì rẹ̀ bá ti sọnù kò wúlò títí ẹ ó fi rí irú rẹ̀. Bí ẹ bá rí orí tó ń lo irú pléètì ti ilé iṣẹ́ Arca-Swiss, tó fẹ̀ tó bíi 38 mílímítà, ó dára jù, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ṣe pléètì rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹsẹ̀ àti orí jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà. Súkúrù 3/8 íǹṣì ló sábà máa ń wà lórí ẹsẹ̀ tó dára, 1/4 íǹṣì ló ń wọ ìdí kámẹ́rà.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà lé. Ní ti orí, ẹ má ra oníbọ́ọ̀lù pọ́ọ́kú, èyí tí bọ́ọ̀lù kan ń yí kámẹ́rà sí gbogbo ọ̀nà, fún lẹ́ǹsì gígùn. Bọ́ọ̀lù kékeré máa ń rọra sọ̀: ẹ to àwòrán yín, ẹ fún un le, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ohun tó wà láàárín á sì ti lọ sókè. Orí ọlọ́wọ́ mẹ́ta, tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń yí i sí ọ̀nà kan, kò yá, ó sì ń gba àyè nínú báàgì, ṣùgbọ́n ní iye kan náà ó máa ń di ẹrù mú jù.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í ronú kàn: tripod àwọn awọnlẹ̀. Igi tàbí alumíníọ́mù ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sanra gan-an, kò sì ní ọ̀pá àárín rárá. Súkúrù 5/8 íǹṣì ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀, torí náà ẹ ó ra ìsopọ̀ kékeré tó ń sọ ọ́ di 3/8. Mo fi ya ìràwọ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kò mira. Ẹ gbọ́ èyí o: kò sí ohun tó ń dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró bó bá ń yà, irin ṣóńṣó ló sì wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ rírọ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Lórí táìlì tàbí sìmẹ́ǹtì dídán, ó lè yà lọ pẹrẹsẹ pẹ̀lú kámẹ́rà, àfi kí ẹ fi okùn so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ẹ tó gbé ohunkóhun lé e.

Bí ẹ bá rà á tán, ọ̀pá tó sanra ni kí ẹ kọ́kọ́ máa nà, ti ìsàlẹ̀ gbẹ̀yìn. Kí ẹsẹ̀ kan kọjú síbi tí lẹ́ǹsì kọjú sí. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ méjì sí ìsàlẹ̀, ọ̀kan sí òkè. Bí ẹ bá fi báàgì kọ́ abẹ́ ọ̀pá àárín, kí ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀ díẹ̀, torí báàgì tó ń fì ń dá kún gbígbọ̀n ni. Dígí inú kámẹ́rà yín náà máa ń gbọ̀n ọ́n bó bá gbéra, ó sì máa ń hàn jù bí kámẹ́rà bá ṣí ojú fún 1/30 ìṣẹ́jú àáyá títí dé ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé dígí sókè ṣáájú, kí ẹ lo aago ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí ọwọ́ yín má kàn án rárá. Bí lẹ́ǹsì yín bá ní ẹ̀rọ tó ń dènà gbígbọ̀n, tó sì jẹ́ ti àtijọ́, ẹ pa á. Òmíràn á máa wá gbígbọ̀n tí kò sí, á sì dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Bí owó náà kò bá tíì ká àlòkù gidi, ẹ má torí ẹ̀ ra tín-ín-rín yẹn. Ẹ rán àpò aṣọ kékeré, ẹ rọ hóró ọkà gbígbẹ sí i kó má kún jù, ẹ tẹ́ ẹ sórí ògiri, kí ẹ gbé lẹ́ǹsì lé e. Mo ti fi ya 300 bẹ́ẹ̀ lóru, ó sì mú. Ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn débi tí ẹ ti ń yà àbí ọkọ̀ ń gbé yín débẹ̀, àti bí ojú yín ṣe ga tó láti ilẹ̀. Màá lè sọ bóyá ti awọnlẹ̀ bá yín mu àbí kí ẹ máa wá 055 kiri.