Omi ń wọ inú 911 wa: ṣé kí n fi sílíkónì dí i?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 àtijọ́ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni a fẹ́ tún ṣe. Tí òjò bá ti rọ̀, omi á gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú wọlé, gíláàsì ọ̀hún náà sì ti sán. Mẹkáníìkì ní kí n ra sílíkónì méjì kí n fi yí i ká. Ṣé kí àwọn oní-gíláàsì fèrèsé ilé gé òmíràn fún mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, sílíkónì tún ni? Ó ti sú mi í dáhùn.

Gíláàsì kọ́ ló ń jò. Rọ́bà tó yí i ká ló ti gbẹ. Fi èékánná tẹ̀ ẹ́: tó bá le bí awọ ìlù tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn, ó ti parí.

Sílíkónì tó ń rùn bíi fínígà yẹn, ásíìdì lò ń gbóòórùn. Bó ṣe ń gbẹ ló ń tú u sílẹ̀, tó bá sì kan irin tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀, ìpẹtà dé nìyẹn. Omi tó ti wà lábẹ́ rọ́bà tẹ́lẹ̀ ò sì ní rọ́nà jáde mọ́. Lójú rẹ, ó ti dí. Lábẹ́, irin ń jẹra. Mo tú ọ̀kan rí tí wọ́n ti fi sílíkónì kùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, dúdú lórí funfun. Etí irin tó yẹ kí rọ́bà gùn ń rún sí mi lọ́wọ́ bí ààdùn. Ọ̀dà tuntun pàápàá kọ̀ láti mú níbẹ̀.

Gíláàsì ilé? Rárá o! Tó bá fọ́, ọ̀bẹ ni. Láminétẹ́ẹ̀dì ni kí o béèrè fún iwájú: gíláàsì méjì tí ọ̀rá wà láàárín wọn, tí kì í já bọ́ síni lójú.

Fi ọ̀bẹ gé rọ́bà àtijọ́ dànù, ha ìpẹtà, fi ọ̀dà kun irin náà, jẹ́ kó gbẹ. Má na rọ́bà tuntun kó lè kárí. Ó máa súnkì padà, igun á sì là. Wọ̀ ọ́ sí gíláàsì lára, ki okùn ọ̀rá sínú ihò tó yí rọ́bà ká, ibi tí etí irin máa wọ̀, kí orí okùn méjèèjì kọjá ara wọn nísàlẹ̀. Omi ọṣẹ ni kí o fi pa á. Ọ́ìlì àti gíríìsì ń mú rọ́bà wú. Ẹnì kan á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gíláàsì níta, ẹnì kejì á máa fa okùn nínú díẹ̀díẹ̀, ètè rọ́bà á sì máa gun etí irin. Ibi tó bá kọ̀, má gbá a.

Mi ò rí ọkọ̀ náà o. Tí irin bá ti lu, pánẹ́bítà ni kó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kí o tó náwó sórí gíláàsì. Wọ ìbọ̀wọ́. Bí o bá sì ti ra sílíkónì náà, fi dí ẹ̀gbẹ́ táìlì balùwẹ̀.