Kí ni Iye Òjé Inú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Ń Sọ fún Wa?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi máa ń tú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n gún ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, ní abẹ́rẹ́ lórí ìka láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èsì sì ní òjé inú rẹ̀ jẹ́ 12. Ara ọmọ náà le koko. Ṣé májèlé ti mú un ni? — Ìyá Àkànní, Kúbwà, Àbújá.

ÌDÁHÙN: Ìyá Àkànní, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ohun tí 12 yẹn sọ ni pé òjé ti wọ ara Àkànní. Kò sọ ibi tó gbà wọlé. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé 12 náà. Bí ó bá jẹ́ µg/dL (ìyẹn ìwọ̀n máíkírógíráàmù òjé tó wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀), ó ti kọjá 5, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé bí ó bá ti dé ibẹ̀, kí a wá orísun òjé náà rí, kí a sì mú un kúrò. Wọn kì í sábà fún ọmọdé ní oògùn tó ń fa òjé jáde lára títí iye náà yóò fi di 45.

Ṣùgbọ́n orí ìka ni wọ́n ti gbà á, ọmọ tó sì ń ṣeré nítòsí bátìrì lè ní eruku òjé lọ́wọ́, tí yóò bá ẹ̀jẹ̀ náà wọ inú ìgò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba òmíràn láti inú iṣan apá rẹ̀ kí ẹ tó gbà pé 12 ni lóòótọ́.

Òjé inú ẹ̀jẹ̀ a máa dín sí ìdajì láàárín nǹkan bí oṣù kan, bí tuntun kò bá wọlé mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ egungun lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó máa yọ́ padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí iye tó kéré lónìí kò fi lè jẹ́rìí pé kò sí èyí tó wọlé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Pé ara rẹ̀ le kò tó ẹ̀rí. Ọpọlọ àti ẹ̀kọ́ ọmọ ni òjé ń bá jà jẹ́jẹ́, kí ojú tó rí i. Ní Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ nínú agbo ilé, ó ju irinwó ọmọ lọ tó kú. Iye tiwọn ga ju èyí lọ fíìfíì, ẹ má fi tiyín wé e.

Kí Bàbá Àkànní gbé iṣẹ́ náà kúrò nílé, kí ó sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ó tó wọlé. Ẹ bi ara yín nípa tìróò pẹ̀lú: mi ò bá àṣà jà, àmọ́ òmíràn nínú rẹ̀, òjé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ẹ bá sì wà nínú oyún, kí ẹ ṣe àyẹ̀wò tiyín, nítorí òjé ara ìyá a máa dé ara ọmọ inú.