Wọ́n ò tiẹ̀ wo kóòdù tí mo tún ṣe

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, àsàlámù àlékúmù. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Tanke nílùú Ìlọrin ni mò ń gbé. App atúmọ̀-èdè kan wà tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń lò lórí fóònù, open source ni, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí. Tẹ́ ẹ bá wá ọ̀rọ̀ tó ní àmì nínú ẹ̀, bíi ẹ̀kọ́ tàbí ọpẹ́, nígbà míì á rí i, nígbà míì á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Mo wá ibi tó ti bàjẹ́ títí mo fi rí i, mo tún un ṣe, mo kúkú bá wọn tún àwọn fáìlì míì tí ò dáa tò, mo fi pull request ránṣẹ́, ìyẹn ni pé mo ní kí wọ́n gba àtúnṣe mi wọlé. Ó ti ṣáájú ààwẹ̀ o, kò séèyàn tó sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn Iléyá ni bọ́ọ̀tì kan wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti pẹ́ jù láìsí ìdáhùn, ló bá pa á dé. Ẹ̀rọ ló pa á dé o, èèyàn ò kà á! Ṣé torí pé Yorùbá ni? Ó ń ṣe mí bíi kí n má fi dátà mi ṣòfò sórí irú ẹ̀ mọ́. (Akẹ́kọ̀ọ́, Tanke)

ÌDÁHÙN: Wà alékúmù sàlámù, àbúrò mi. Ó dùn mí fún ẹ gan-an. Àwọn tó bá kọ ọ́ síta pé kí aráyé wá bá àwọn ṣe é, ó yẹ kí wọ́n lè sọ "a ti rí i" fún ẹni tó wá, kódà tí wọn ò bá ní gbà á. Kí bọ́ọ̀tì máa pa iṣẹ́ èèyàn dé láìjẹ́ pé ẹnì kan kà á, mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Àmọ́ mi ò rò pé torí Yorùbá ni. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià tí gbogbo ayé ń lò, èèyàn kan tàbí méjì ló ń bójú tó o, lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ wọn, láìgbowó. Wo OpenSSL, tó ń bo ọ̀rọ̀ àṣírí láàárín fóònù wa àti àìmọye wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Kó tó di 2014, owó tí àwọn èèyàn fi ń ta wọ́n lọ́rẹ ò ju nǹkan bíi 2,000 dọ́là lọ lọ́dún. Ọdún yẹn ni wọ́n rí bọ́ọ̀gì tí wọ́n ń pè ní Heartbleed nínú ẹ̀, tó ń jẹ́ kí ará ìta lè fa páásíwọọ̀dù jáde látinú sáfà. Ibi tó kan ẹ níbẹ̀ rèé: ẹnì kan tó fẹ́ ṣèrànwọ́, tí ò ní èrò burúkú, ló fi kóòdù yẹn ránṣẹ́, wọ́n kà á, wọn ò rí àléébù ẹ̀, wọ́n gbà á, ó jáde ní 2012, ó sì lo ọdún méjì níbẹ̀ kí àṣírí tó tú. Ẹni tó bá gba kóòdù ẹ wọlé, òun ni wọ́n máa bi lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, ìwọ lè ti wà ní káńpù NYSC nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí àyà ẹlòmíì fi ń já láti gbà á.

Wá wo tìẹ. Tí maintainer app yẹn, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó kóòdù ẹ̀, ò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ̀kọ́ tí app rí àti ẹ̀kọ́ tí app ò rí, bákan náà ni wọ́n rí lójú ẹ̀, kò ní mọ ohun tó ò ń bá a jà lé lórí. Ìwọ lo máa là á yé e. Lẹ́tà é ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ náà ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tó gbé àmì sókè tó tún ní ti ìsàlẹ̀ ò ní nọ́ńbà ẹyọ kan, ńṣe la máa ń tò ó pọ̀. Kíbọọ̀dù kan á kọ ẹ kó tó gbé àmì lé e lórí, òmíì lè mú é kó tó fi ti ìsàlẹ̀ sí i. Ojú ò lè dá wọn mọ̀, Unicode fúnra ẹ̀ gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n, àmọ́ app tí ò bá kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ọ̀kan kó tó wá ọ̀rọ̀ á ní wọn ò jọra. Ètò tó ń ṣe ìyẹn wà tipẹ́, NFC ni wọ́n ń pè é, ó wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn èdè kóòdù, kò sì yẹ kó gbà ju ìlà díẹ̀ lọ.

Àwọn fáìlì tó o bá wọn tò yẹn ló ṣeé ṣe kó kó bá ẹ, àbúrò. Ẹni tó yẹ kó ka ìlà díẹ̀ ṣí i, ó rí i pé gbogbo ilé lo tún tò, ó rẹ̀ ẹ́, ó ní òun á kà á lọ́la. Yọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Fi òmíì ránṣẹ́, àtúnṣe yẹn nìkan, kó o kọ test kan (kóòdù kékeré tó ń dán an wò) mọ́ ọn tó máa kùnà lórí kóòdù ti tẹ́lẹ̀ tó sì máa yege lórí tìẹ, ya àwòrán ojú fóònù ẹ sí i, kó o sọ fún wọn pé àwọn Ìgbò tó ń fi àmì ohùn sórí ọ àti ị náà lè rí wàhálà yìí, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹnì kan ní Tanke ló ń yọ lẹ́nu. Tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá, béèrè lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́.

Kó o tó ṣe ìyẹn, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kó o wo iṣẹ́ àwọn míì tó ń dúró níbẹ̀, kó o dán an wò, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Àáró ni, bí àwọn bàbá wa ní Ìgbómìnà ṣe ń ṣe é, wàá ti roko ẹlòmíì kí wọ́n tó dé oko tìẹ.

Má fi ìbínú lé e lórí o. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bójú tó XZ Utils, sọ́fítíwià tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, àwọn kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ń kọ̀wé sí i ṣáá pé ó lọ́ra jù, pé kó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ó ti sọ fún wọn pé àárẹ̀ ọkàn ń bá òun jà. Ẹni tó wá fún láṣẹ náà ló ki ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí ará ìta lè gbà yọ́ wọlé, bọ version 5.6.0 àti 5.6.1 ní 2024. Andres Freund ló tú u, torí ó rí i pé SSH, ètò tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ń pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Irú ìtàn yìí ni maintainer ń rántí tí àlejò bá ń pariwo lé e lórí.

Tí wọn ò bá wá dáhùn náà ńkọ́? Ṣe fork, ìyẹn ni pé kó o mú ẹ̀dà kóòdù náà, kó o máa bá a lọ fúnra ẹ. Ní 1997, àwọn kan rí i pé GCC, ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò, ń lọ́ra láti gba àtúnṣe àwọn èèyàn, wọ́n dá EGCS sílẹ̀, nígbà tó fi máa di 1999, EGCS yẹn gan-an ni wọ́n sọ di GCC. Ka license app yẹn, ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe gbà kí èèyàn lo kóòdù náà, dáadáa ṣáájú, má sì yọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Òmù-Àrán, mi ò mọ kóòdù kọ. Yorùbá inú sọ́fítíwià kan tá à ń lò níléèwé ò dáa rárá, ṣé ohun tí mo bá sọ lè wúlò fún wọn? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ó wúlò gan-an, Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ ṣọ̀wọ́n jù. Àwọn míì ń lo Weblate fún ìtumọ̀, inú bíráúsà lásán lẹ ti máa kọ ọ́, ẹ ò nílò kóòdù kankan. Tí wọn ò bá ní irú ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn: version tẹ́ ẹ ń lò, ohun tó wà níbẹ̀ báyìí, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, àti ìdí ẹ̀. Ẹ má kó gbogbo àṣìṣe jọ sínú lẹ́tà kan ṣá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́, kí èyí tó rọrùn lè tètè kọjá.